Kí Fóònù Tó Dé La Ti Ń Ránṣẹ́ Ra Aṣọ Lókè Òkun

  Èmi ọmọ yín, olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́, ni mo tún dé.

Gbogbo ẹni tó wà lórí WhatsApp wa ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣọ ọjọ́ ìlú ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní ká kúkú lọ sórí fóònù, ká bá àwọn ará Ṣáínà dúnàádúrà, kí wọ́n tẹ orúkọ ìlú wa sára aṣọ, kí wọ́n sì kó o ránṣẹ́. Àwọn kan ní kí ẹnì kankan má dán an wò, pé ọjọ́ ìlú kọ́ la ó wá máa wọ aṣọ tí ẹni tó ṣe é ò mọ ibi tí ìlú wa wà. Bàbá wa kan fi ohùn ránṣẹ́ pé àwa ọmọ ìsinsìnyí la kó àṣà ríra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí a ò rí rí wọ̀lú. Ìgbìmọ̀ wá ní kí ẹ̀ka ọ̀dọ́ kọ èrò wa sílẹ̀ kí ìpàdé gbogbogbò tó dé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò ná. Mo mọ̀ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìwé ìtàn tí wọ́n ń ní ká kà ní yunifásítì, àkísà àwọn àgbà tí ẹnìkan ṣà jọ náà ni. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ ọjà àìrójú yìí. Ó ti pẹ́.

Nígbà tó jẹ́ àwa la ń tà

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀pọ̀ ò rò. Láti nǹkan bí ọdún 1600 sókè, àwọn oníṣòwò láti Pọtogí àti Họ́láńdì máa ń ra aṣọ híhun ní agbègbè Ìjẹ̀bú àti Bìní, wọ́n á kó o lọ tà ní etíkun tí a ń pè ní Gánà lónìí. Àwọn tó ń rà á níbẹ̀ ò mọ ẹni tó hun ún. Aṣọ náà nìkan ni wọ́n mọ̀.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1800, ọkọ̀ ojú omi ń gbéra láti Èkó lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bràsíl. Lára ẹrù tó ń kó ni obì, ọṣẹ dúdú, àti aṣọ òfì tí àwọn ìyá wa hun. Àwọn ará Bahia ń pe aṣọ yìí ní pano da costa, ìyẹn aṣọ etíkun. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú níbẹ̀ ń dà á lé èjìká, àwọn ìyálórìṣà inú Candomblé sì ń wọ̀ ọ́ títí dòní. Ẹ ronú sí i: ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tàbí ọmọ ọmọ rẹ̀, ń san owó fún aṣọ tí wọ́n hun nílé baba rẹ̀, òkun sì wà láàárín wọn. Ó fẹ́ aṣọ ilé, kò sì rí ahunṣọ náà.

Kí ló jẹ́ kí ọjà yẹn ṣeé ṣe? Ẹni tó wà láàárín ni. Àwọn Àgùdà tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Bahia àti Èkó gbọ́ èdè ìhà méjèèjì, wọ́n lórúkọ níhìn-ín, wọ́n lórúkọ lọ́hùn-ún. Bí ẹrù bá bàjẹ́, ẹnìkan wà tí wọ́n lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ "ẹni tó wà láàárín" yìí sọ́kàn, a ó máa bá a pàdé títí dé òpin.

Ohun tí a ń pè ní tiwa gan-an

Àwọn kan nínú wa á ní, "Ó dáa, kí a padà sí àtilẹ̀bá, ká má lo ohunkóhun tó ti òkèèrè wá." Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Nínú òfì mẹ́ta tí a fi ń yangàn, ẹtù, sányán àti àlàárì, okùn sányán wá láti ara kòkòrò inú igbó wa. Ṣùgbọ́n sílíìkì pupa tí wọ́n fi ń hun àlàárì àtijọ́, láti òkè òkun ló ti wá. Ó gba Tripoli, ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá lẹ́yìn ràkúnmí, ó dé ilẹ̀ Haúsá, kí ó tó dọ́wọ́ àwọn ahunṣọ wa. Ahunṣọ Ìlọrin tàbí Ìsẹ́yìn ò dé Tripoli rí. Ó ra okùn lọ́wọ́ ẹni tó ra á lọ́wọ́ ẹni tó ra á.

Àdìrẹ ńkọ́? Aró ni tiwa, ẹ̀lú ni tiwa, ọgbọ́n títa ẹ̀kọ sára aṣọ àti dídì í níko, tiwa ni. Ṣùgbọ́n tẹ́rú funfun tí àwọn aláró Abẹ́òkúta ń pa láró nígbà tí àdìrẹ gbayì jù, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Manchester ló ti ń wá. Àwọn oníbàárà máa ń ti Senegal àti Gold Coast wá ra àdìrẹ ní Abẹ́òkúta nígbà náà. Aṣọ oyìnbó ni, ọwọ́ àwọn ìyá wa ló sọ ọ́ di ohun tí ayé ń wá kiri.

Nítorí náà, kì í ṣe ríra nǹkan lókèèrè ló burú. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa ni pé, bí nǹkan náà bá dé ọwọ́ wa, kí la fi kún un? Ta ló jẹ èrè ibẹ̀?

Òwú lọ, aṣọ bọ̀

Láti àwọn ọdún 1850 ni Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, ti bá àwọn ìjọ CMS ṣe ètò láti máa ra òwú Abẹ́òkúta lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861. Ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Ohun tó tẹ̀lé e ò ṣòro láti mọ̀: òwú wa ń lọ, aṣọ tí ẹ̀rọ hun ń bọ̀, ẹ̀rọ sì yára ju ọwọ́ lọ.

Ibẹ̀ náà ni àǹkárá ti wọlé. Ilé iṣẹ́ Vlisco bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Helmond ní Họ́láńdì ní 1846. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni kí ẹ̀rọ máa ṣe àfarawé bátíìkì, aṣọ onída tí àwọn ará Java fi ọwọ́ ṣe. Nígbà tó ṣe, etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ọjà náà ti rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Àwa la fún àwòrán wọn lórúkọ, àwa la sọ èyí tó máa tà àti èyí tí kò ní tà. Àwọn ìyá oníṣòwò wa ló ń gbé ọ̀rọ̀ oníbàárà padà fún àwọn oyìnbó. Wọ́n wà láàárín, wọ́n sì jẹ èrè ibi tí wọ́n wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan kún un nípa òfin, nítorí mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ lórí WhatsApp pé kí Kábíyèsí kúkú fòfin de aṣọ Ṣáínà. Ní àwọn ọdún 1930, irú ẹjọ́ yìí dé ààfin Abẹ́òkúta. Àwọn aláró kan ti ń lo kọ́sítíìkì sódà àti aró ilé iṣẹ́ dípò eérú àti ẹ̀lú, nítorí ó yá, ó sì dín owó kù. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí ráhùn pé aṣọ ń ṣá, ó ń ya. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin dè é. Àwọn aláró tó ń fi í jẹun ò gbà, ọ̀rọ̀ náà di ńlá débi pé ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936. Òfin nìkan ò mú àwọn oníbàárà tó ti sá lọ padà. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò ṣá lọ́wọ́ oníbàárà ni oníbàárà ń padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìwé àwòrán ọjà

Ẹ̀yin bàbá wa tó ti dàgbà dáadáa á rántí ìwé àwòrán ọjà tó ń ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Ìwé yẹn ni fóònù ìgbà náà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ postal order ní 1881, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹrù kéékèèké lọ́dọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ní 1883. Nǹkan méjì yìí ló mú kí ọjà àìrójú gbòòrò sí i. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi J.D. Williams ní Manchester ń tẹ àwòrán ẹ̀wù, bàtà àti fìlà sínú ìwé, ẹni tó bá fẹ́ á kọ nọ́ńbà ọjà, á kọ ìwọ̀n ara rẹ̀, á fi owó sínú àpò ìwé, á wá máa retí.

Àwọn akọ̀wé, tíṣà àti ọmọ ilé ìwé gíga láyé ìjọba oyìnbó mọ irú ọjà yìí. Ẹ wo ohun tó jọ ti òní: àwòrán lo rí, o ò fọwọ́ kan aṣọ. Owó lo kọ́kọ́ san. O dúró. Bí bàtà bá fún ẹsẹ̀, o di onísùúrù tàbí o tà á fún àbúrò rẹ. Ẹ ò wa rí i pé ohun tí bàbá wa sọ nínú ohùn yẹn, àwọn bàbá tiwọn náà ti ṣe é?

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ló wà láàárín. Ó ní ojú, ó ní ìwé ẹ̀rí, ó ní ọ̀gá tí èèyàn lè lọ bá.

Léèsì: ìgbà tí àwọn oyìnbó wá bi wá léèrè

Ní àwọn ọdún 1960, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ ọnà sára aṣọ ní agbègbè Vorarlberg ní Austria, pàápàá ní ìlú Lustenau, bẹ̀rẹ̀ sí tajà fún Nàìjíríà. Bí epo rọ̀bì ṣe mú owó wá ní àwọn ọdún 1970, léèsì di aṣọ òde. Kò sí ìyàwó tí wọ́n ń gbé, kò sí òkú àgbà tí wọ́n ń sin, tí léèsì ò sí níbẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹ kíyè sí ni bí ọjà náà ṣe rìn. Àwọn ìyá oníṣòwò wa wọ bàálù lọ sí Austria àti Switzerland, wọ́n jókòó ti àwọn tó ń ya àwòrán, wọ́n ní, "Ẹ fẹ òdòdó yìí sí i, ẹ yọ àwọ̀ yìí kúrò." Ohun tí àwọn ìyá wọ̀nyí fẹ́ ni ilé iṣẹ́ ń ṣe. Nígbà tí wọ́n ṣe àfihàn léèsì wa ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna ní 2010, ohun tí wọ́n gbé jáde níbẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Austria pẹ̀lú ojú inú àwọn ará Nàìjíríà.

Ìjọba fòfin de léèsì kí àwọn ọdún 1970 tó parí. Ṣé ó dáwọ́ dúró? Rárá o. Ó gba Kútọnù wọlé. Gbogbo ìyá tó bá ti ṣòwò léèsì nígbà náà mọ ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yẹn, a ní ilé iṣẹ́ aṣọ tiwa. Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957, òmíràn wà ní Ìkẹjà, ní Kánò àti níbòmíràn. Iná mànàmáná tí kò dúró, epo dúdú tó gbówó lórí, ẹ̀rọ tó gbó àti ẹrù fàyàwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní January 2005, àdéhùn àgbáyé tó ń dín iye aṣọ tí orílẹ̀-èdè kan lè tà fún àwọn orílẹ̀-èdè olówó kù parí, ọwọ́ Ṣáínà wá tú sí i. Ní 2007, ilé iṣẹ́ UNTL ní Kaduna ti ilẹ̀kùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì padà sílé.

Òkìríkà ló gba ipò ní ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ mọ̀ pé orúkọ ìlú kan ní Rivers ni Okrika, ìlú etí omi tí aṣọ àlòkù ti ń wọlé. Títí dòní, aṣọ àlòkù wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ní kò gbọ́dọ̀ wọlé, síbẹ̀ ẹ lọ sí Katangua ní Èkó láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, ẹ ó rí ohun tí òfin àti ìlò jọ ń ṣe.

Fóònù wọlé

Fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní August 2001. Nígbà náà, Amazon àti eBay ti wà láti 1995, Jack Ma àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Alibaba sílẹ̀ ní Hangzhou ní 1999, ASOS ti bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2000. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tà ò fẹ́ gbọ́ Nàìjíríà sétí, nítorí yahoo-yahoo ti ba orúkọ wa jẹ́. PayPal ò gbà wá láàyè títí di 2014, nígbà tó sì kọ́kọ́ gbà wá, a lè san owó jáde, a ò lè gba owó wọlé nígbà náà. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: wọ́n ní ká máa rà, wọn ò ní ká máa tà.

Nítorí náà, àwa náà wá ẹni tó máa wà láàárín. Àwọn ọmọ wa tó lọ sí Guangzhou ń ra aṣọ jọ, wọ́n ń kó o sínú kọ̀ǹténà. MallforAfrica bẹ̀rẹ̀ ní 2011 kí ará Nàìjíríà lè fi náírà ra ọjà Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012. AliExpress, tó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2010, jẹ́ kí èèyàn kan lè ra ẹ̀wù kan péré láti Ṣáínà. Shein àti àwọn mìíràn tẹ̀lé e. Ìgbà yẹn ni "pre-order" wọ ẹnu wa: ọmọbìnrin kan nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì á gbé àwòrán sórí status, á gba owó ogún èèyàn, á ra gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹrù á dé ibi ìkójọ ní Guangzhou, wọ́n á wọ̀n ọ́n ní kílò, á wá pẹ̀lú bàálù tàbí ọkọ̀ ojú omi.

Ohun tó bá ọjà yìí jà jù ni owó wa. Ní June 2015, báńkì àgbà ilẹ̀ wa gbé orúkọ ohun 41 jáde tí ẹnikẹ́ni ò ní rí dọ́là rà lọ́wọ́ ìjọba láti fi kó wọlé, aṣọ wà lára wọn. Ní 2022, ọ̀pọ̀ báńkì dín ohun tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná lókè òkun kù sí $20 lóṣù. Ní June 2023, ìjọba tú náírà sílẹ̀. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 ní báńkì kọjá ₦1,500 kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé. Ẹni tó gba owó pre-order ní May, tó fẹ́ san án ní July, ẹ bi í bí ojú rẹ̀ ṣe rí.

Ohun tó yàtọ̀ nísinsìnyí

Bí ẹ bá ti bá mi dé ibí, ẹ ó rí i pé ríra aṣọ lọ́wọ́ àjèjì kì í ṣe tuntun. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ti yí padà, àwọn ló sì yẹ kó kan wá.

Àkọ́kọ́, ẹni tó wà láàárín ò lójú mọ́. Àgùdà lójú, ilé ìfìwéránṣẹ́ lójú, ìyá oníléèsì lójú. Lónìí, o lè san owó fún orúkọ orí Instagram tí yóò parẹ́ lóru. Nàìjíríà ní òfin tó dáàbò bo oníbàárà, ti 2018, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfin wa ṣòro láti dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tajà láti ìlú tí a ò lè pè lórúkọ dáadáa.

Èkejì, kò sẹ́ni tó ń wọ̀n wá mọ́. Télọ̀ ń fi téèpù yí àyà àti ìdí rẹ ká. Lórí fóònù, S, M, L ni, L ti Ṣáínà sì sábà máa ń kéré ju L ti Amẹ́ríkà lọ. 12 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe 12 Amẹ́ríkà, 8 ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Láyé ìyá oníléèsì, ẹni tó ń ṣe aṣọ máa ń wá bi wá léèrè, ẹni tó mọ ohun tó dáa sì jẹ èrè ìmọ̀ rẹ̀. Lónìí, ẹnikẹ́ni lè mú àwòrán àdìrẹ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ sórí pọ́lísítà, á padà wá tà á fún wa ní Ìtòkú gan-an, ní ilé àdìrẹ. Kò bi ẹnikẹ́ni. Kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá tó fi ọjọ́ mélòó kan di aṣọ níko wá di ẹni tí wọ́n ń sọ fún pé, "Mama, tiyín ti wọ́n jù."

Fún ẹni tó bá máa rà á

Èmi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má ra aṣọ lórí fóònù. Irọ́ ni máa pa, nítorí àwa ọ̀dọ́ ń rà á, a ó sì máa rà á. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tó bá máa dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Ẹ wo ọrùn ẹni tó ń tà. Ọjọ́ mélòó ló ti ń tà? Ṣé àwọn tó rà á fi àwòrán aṣọ tó dé ọwọ́ wọn síbẹ̀, àbí àwòrán tirẹ̀ nìkan ló wà? Ẹ san owó nínú ìlànà ojú òpó náà, ẹ má gbà pé kí wọ́n ní kí ẹ wá san án sí àkáǹtì ẹnìkan lábẹ́lẹ̀.

Ẹ ra téèpù. Ẹ wọn ẹ̀wù yín kan tó bá yín mu dáadáa, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní inṣi àti ní sẹ̀ǹtímítà, inṣi kan jẹ́ 2.54 sẹ̀ǹtímítà. Ìwọ̀n yẹn ni kí ẹ fi wé tábìlì ìwọ̀n wọn, ẹ má wo lẹ́tà. Ẹ ka ohun tí wọ́n fi ṣe aṣọ náà, nítorí pọ́lísítà àti òwú kì í ṣe ohun kan náà nínú oòrùn wa. Ẹ ṣírò owó ẹrù mọ́ owó aṣọ kí ẹ tó sọ pé ó rọjú. Bí ẹ bá sì gba owó lọ́wọ́ èèyàn láti bá a rà á, ẹ sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ bí yóò ṣe rí tí dọ́là bá gbéra.

Aṣọ ọjọ́ ìlú

Ó wá ku ohun tí ìgbìmọ̀ bi wá. Èrò ẹ̀ka ọ̀dọ́ rèé, ẹ sì lè fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ ní ìpàdé.

A ò fẹ́ kí ẹgbẹ́ pàṣẹ aṣọ kan ṣoṣo láti Ṣáínà. A ò sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ fi òfì olówó gọbọi di ẹrù lé orí opó àti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí a ní ni pé kí ẹgbẹ́ mú àwọ̀ kan. Aṣọ tí oníkálukú á fi dá bùbá, kí ó rà á níbi tí agbára rẹ̀ bá ká, ìbáà jẹ́ Gbágì, ìbáà jẹ́ Balogun, ìbáà jẹ́ orí fóònù. Ṣùgbọ́n fìlà fún ọkùnrin àti ìpèlé fún obìnrin, kí ó jẹ́ òfì tí àwọn ahunṣọ ìlú wa hun, kí orúkọ ẹni tó hun ún wà lára rẹ̀. Fìlà kò gba òfì púpọ̀, ìpèlé náà kò tó odindi aṣọ. Ẹni tó lówó lè ra jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ mọ iye ilé tí a ṣì ti ń gbọ́ ìró òfì nílùú wa. Wọn ò pọ̀ mọ́. Ọmọ tó yẹ kó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ti gun ọ̀kadà lọ, kì í ṣe pé iṣẹ́ náà burú, ọjà ni kò wá. Tí a bá fún wọn ní iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ṣáájú, pẹ̀lú owó àkọ́san, wọ́n á lè ra okùn, wọ́n á sì lè gba ọmọ iṣẹ́. Tí a bá dúró di ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ ìlú tó pé, ẹ̀rọ Ṣáínà nìkan ló máa lè yára fún wa, a ó sì wá sọ pé àwọn ahunṣọ wa ló lọ́ra.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto, ọwọ́ yín ni apá kejì wà. Ẹ̀yin náà lẹ wà ní ipò àwọn ará Bahia ìjọ́sí: ẹ fẹ́ aṣọ ilé, òkun wà láàárín. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ṣe tán láti jẹ́ ẹni tó wà láàárín. A ó ya àwòrán iṣẹ́ ahunṣọ kọ̀ọ̀kan, a ó kọ ìwọ̀n, àwọ̀, iye àti ọjọ́ tó máa parí sílẹ̀, a ó gbé e sórí ìwé ìròyìn yìí. Akápò ẹgbẹ́ ni yóò máa gba owó, kì í ṣe èmi, kì í ṣe ọ̀dọ́ kankan, kí gbogbo wa lè mọ ilẹ̀kùn tí a ó kàn bí nǹkan bá wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ahunṣọ kankan nílùú wa, ìbáà jẹ́ ìyá arúgbó tó ti gbé òfì tì sí kọ̀rọ̀ ilé, kí ó fi orúkọ àti àdúgbò ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí ìpàdé tó dé. A fẹ́ mọ iye wọn ká tó dìbò. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé lẹ́yìn tí a bá pinnu tán la ó wá rí i pé kò sí ẹni tó lè hun ún mọ́.